Ogójì Tí Mo Fi Kún Orin Marufat

Ọgọ́ta ni o. Kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, mo sì ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, n kò fẹ́ gbé egungun ẹja wọ sàréè. Èmi Waliyat, ìyàwó àgbà olóògbé Àkànjí, tí gbogbo Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ mọ̀ sí Ìyá Olórin, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ èyí. Kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá rí lẹ́tà tó dorí kodò kó bá mi gbé e dúró. Inú ìwé iṣẹ́ ọkọ mi ni mo ń kọ ọ́ sí, àwọn ojú ewé tí kò rí nǹkan kọ sí kó tó kú. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo tilẹ̀ ń kọrin sí i. Ẹ má bú mi. Ẹ óò mọ ohun tó ń dùn mọ́ mi tí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ má fo àárín o, nítorí àárín ni mo ti ṣe ohun tí ojú ń tì mí sí.

Ọ̀dọ̀ àwọn awọnlẹ̀ ni Àkànjí ti ṣiṣẹ́ títí ó fi darúgbó. Kì í ṣe ọ̀gá. Òun ni í ru ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wo igun, òun ni í gbẹ́ ihò tí wọ́n ń ri òpó símẹ́ńtì sí. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó máa kọ òǹkà sínú ìwé bí ọ̀gá bá ti ń pè é. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí: ọ̀gá á wo òpó kìíní nínú awò, á pe òǹkà, á yí ojú ẹ̀rọ sí òpó kejì, á tún pe òǹkà. Ẹni tó ń kọ̀wé á yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ohun tó bá kù ni igun tó wà láàrin òpó méjèèjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹni ń yọ ọsàn nínú ọsàn. Díígírì ni bàbá, ó bí mínìtì ọgọ́ta, mínìtì kọ̀ọ̀kan sì bí sẹ́kọ́ndì ọgọ́ta tirẹ̀. Bí sẹ́kọ́ndì tòkè kò bá tó èyí tí ẹ fẹ́ yọ, ẹ óò yá ọ̀kan lọ́dọ̀ mínìtì. Bí mínìtì kò bá tó, ẹ óò yá ọ̀kan lọ́dọ̀ díígírì. Àkànjí kì í rántí iye tí ọ̀kan tó yá náà ń dà. Á jókòó sórí ẹní, á máa fi pẹ́ńsù họ orí. Èmi tí n kò kàwé jìnnà ni mo sọ ọ́ di orin fún un:

Sẹ́kọ́ndì kò tó, ó yà nílé mínìtì,
Ó ní, "Ẹ yá mi lọ́kan."
Ọ̀kan ṣoṣo tó jáde,
Ọgọ́ta ló dé ilé.
Mínìtì kò tó, ó yà nílé díígírì,
Ó ní, "Ẹ yá mi lọ́kan."
Ọ̀kan ṣoṣo tó jáde,
Ọgọ́ta ló dé ilé.

Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi, ọkọ dọ̀bálẹ̀ fún aya! Láti ọjọ́ náà, bó bá wà lóko, á kọ́kọ́ kùn ún lábẹ́ ahọ́n kó tó kọ ìdáhùn sílẹ̀. Mo ti ń ṣáájú orin fún àwọn ìyá ní Àsàlátù láti ìgbà tí eyín mi ti pé lẹ́nu, ṣùgbọ́n nínú gbogbo orin mi, èyí nìkan ni mo kọ fún ẹni kan ṣoṣo. Òun ni ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi.

Lẹ́yìn náà ló fẹ́ Ìyá Kabir. Ó fẹ́ ẹ, mo gbà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò ṣẹ̀ mí rí, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú, nítorí bí orogún ẹni kò bá ṣẹ ẹni, kí ni èèyàn yóò fi ìbínú rẹ̀ kọ́? Mo di tèmi mọ́ra títí ó fi bí Kabir, Kabir náà dàgbà, ó bí Marufat. Háà, Marufat! Ojú ọ̀tún ọmọ yẹn máa ń dì bó bá ń ronú, gẹ́lẹ́ bí Àkànjí ṣe máa ń di tirẹ̀ bó bá fojú sí awò. Èmi tí mo ti mọ ojú ọkùnrin náà kó tó hu irùngbọ̀n, ojú náà kò bá ọmọ tèmi kan lọ, orí ọmọ-ọmọ orogún mi ló lọ bà lé. Ìgbà tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, Àkànjí gbé e kọ́rùn lọ sí oko Iresa, ó jẹ́ kó yọjú nínú awò. Ìgbà tí wọ́n dé, ọkọ mi ń jẹun, ó ní, "Ọmọ yìí ló máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi." Ràódàt, ọmọ ọmọbìnrin mi, tí òun àti Marufat jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ló gbé omi ìfọwọ́ dúró níwájú rẹ̀ ní àkókò náà. Bàbá kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo gba abọ́ omi lọ́wọ́ ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọlé sí mi lára bí ẹ̀gún ọ̀pẹ tó ṣẹ́ sínú ẹran ara: awọ bò ó, kò jáde.

Àkànjí kú. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ọmọ méjèèjì ṣe tán níléèwé girama tí wọ́n ń jókòó sílé, Ọ̀gá Akínkúnmi wá kí wa láti Ogbomọ̀ṣọ́. Bàbá rẹ̀ ló ni iṣẹ́ tí ọkọ mi ṣe, òun náà ti di awọnlẹ̀, ó ní ọ́fíìsì ní Under G, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì. Ó jókòó lórí àga Àkànjí, ó ní, "Màmá, ẹ fún mi ní ọmọ kan nínú ilé yìí, kí n fi rántí bàbá. Ọ̀kan o, n kò ní àyè fún méjì. Á máa bá mi kọ̀wé lóko, lẹ́yìn ọdún kan màá rán an lọ sí yunifásítì kó kọ́ iṣẹ́ náà tinú tẹ̀yìn." Mo ní, "Ọmọ wo nínú wọn?" Ó ní, "Èyí tó bá lè yọ igun. Mo máa dán wọn wò lóko, pẹ́ńsù àti ìwé, kò sí fóònù. Fóònù máa ń kú sínú igbó, Màmá, orí kì í kú." Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni òun fún wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, Ìyá Kabir fa Marufat lọ́wọ́ wá sí yàrá mi, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ orin tí bàbá fi ń yọ igun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ́ ọmọ yìí mọ́ tiyín." Mo ní, "Dìde, kí ló dé tí ò ń kúnlẹ̀? Ṣé ọmọ ẹlòmíràn ni?" Ẹ wo ẹnu mi bó ṣe dùn! Mo ní kí Ràódàt máa wá láàárọ̀, kí Marufat máa wá nírọ̀lẹ́, pé orin kì í wọ etí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Irọ́ ni. Èmi tí mo ń kọ́ ọgọ́rùn-ún obìnrin lórin lẹ́ẹ̀kan náà ní Àsàlátù! Mo sì kìlọ̀ fún Ràódàt pé kó má kọ ọ́ sétí ẹnikẹ́ni. Mo kọ́ Ràódàt bí mo ṣe kọ́ bàbá rẹ̀ àgbà. Ìgbà tí Marufat dé ní ìrọ̀lẹ́, tó jókòó, tó di ojú ọ̀tún, mo rí Àkànjí tó jókòó níwájú mi tó tún ń fẹ́ràn ẹlòmíràn. Mo la ẹnu, orin jáde, ìgbà tó dé ibi ọgọ́ta, mo gbọ́ ohùn ara mi tó kọ ọ́ pé:

Ọ̀kan ṣoṣo tó jáde,
Ọgọ́rùn-ún ló dé ilé.

Ogójì péré ni mo fi kún un. Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó. N kò na ọmọ náà, n kò fi májèlé sí oúnjẹ rẹ̀. Ọmọ náà gbé orí sókè, ó ní, "Ìyá Àgbà, ṣé kì í ṣe irú mínìtì inú aago nìyí ni? Ọgọ́ta mà ni ti aago." Ọlọ́run ló ń bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọdé, ó ń ṣílẹ̀kùn fún mi kí n gbà á jáde. Mo fi ẹ̀rín tì í pa. Mo ní, "Ọmọ Kabir, o fẹ́ wá kọ́ mi ni? Aago ni aago, ilẹ̀ ni ilẹ̀. Aago ń yí, ilẹ̀ ń sùn. Àbí o fẹ́ sọ pé bàbá rẹ àgbà tó fi iṣẹ́ yìí darúgbó kò mọ ohun tó ń ṣe?" Orúkọ òkú ni mo fi sé e lẹ́nu. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà. Ọgọ́rùn-ún." Ó sì kọ ọ́, ohùn rẹ̀ dùn ju ti Ràódàt lọ, ìyẹn náà tún bí mi nínú. Ó ní fóònù lọ́wọ́ o, ó lè bi í. Ṣùgbọ́n ta ni í bi fóònù ní ohun tí ìyá rẹ̀ àgbà ti fi orin kọ́ ọ? Ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko ni mo fi jókòó tì í, tí mò ń pàtẹ́wọ́ sí irọ́ mi.

Oko kan ní Ìkòyí-Ilé ni Ọ̀gá Akínkúnmi ti dán wọn wò. Mo bá wọn lọ. Mo ní mo fẹ́ fojú rí i, bí ẹni tó ń lọ wo ìyàwó. Lábẹ́ igi kajú ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ jókòó yí ká, wọ́n ń jẹ kajú, omi rẹ̀ ń ro sí wọn láyà. Ọ̀gá yọjú, ó pe òpó kìíní: díígírì mẹ́tàdínláàdọ́rùn-ún, mínìtì méjìdínlógójì, sẹ́kọ́ndì márùndínláàádọ́ta. Ó yí i sí òpó kejì: díígírì méjìléláàdóje, mínìtì mẹ́rìnlá, sẹ́kọ́ndì ogún. Ó ní, "Ó yá, ẹ yọ ọ́." Marufat ló kọ́kọ́ ṣe tán. Ràódàt ṣì ń ge ìdí pẹ́ńsù jẹ nígbà tó gbé ìwé sílẹ̀. Ọ̀gá mú un, ó kà á sókè: "Díígírì mẹ́rìnlélógójì, ó dáa. Mínìtì márùndínlọ́gọ́rin. Kí ni? Sẹ́kọ́ndì márùndínlọ́gọ́rin!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ṣé o ti rí wákàtí tó ní ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́rin rí ni?" Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ó máa lọ wọn ilẹ̀ ọ̀run, bóyá tibẹ̀ tóbi jù báyìí lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, kajú há ẹlòmíràn lọ́fun. Ràódàt wá fi tirẹ̀ sílẹ̀: díígírì mẹ́rìnlélógójì, mínìtì márùndínlógójì, sẹ́kọ́ndì márùndínlógójì. Ó pé bí ojú ẹyin.

Ibi tó burú jù ló kù yìí, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Marufat, o yára, ọwọ́ rẹ mọ́. Ta ló sọ fún ọ pé tó o bá yá ọ̀kan, ọgọ́rùn-ún ló máa dà?" Marufat wo ojú mi. Kò fi ojú fẹ̀sùn kàn mí. Ó wò mí bí ọmọ ṣe ń wo àgbà tó mọ̀ pé yóò gba òun sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Àgbà ló kọ́ wa, sà." Gbogbo wọn yíjú sí mi. Tí mo bá ti sọ pé, "Arúgbó ti ń gbàgbé, èmi ni mo ṣì í sọ," ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Ẹ ò rí i pé irọ́ kékeré yẹn pàápàá ì bá ti yọ ọmọ náà! Mo sọ pé, "Èmi? Wallahi, orin kan náà ni mo kọ́ àwọn méjèèjì. Òun ni kò fetí sílẹ̀. Orí ìyá tó bí bàbá rẹ̀ ló gbé wá sáyé." Mo fi orúkọ Ọlọ́run búra lórí ogójì. Marufat kúnlẹ̀ sórí ewé kajú gbígbẹ, ewé náà ń ró kẹ́kẹ́. Ó ní, "Bóyá èmi ni mo gbàgbé, sà. Ẹ má bínú." Ràódàt ni wọ́n mú.

Ẹ ò tíì gbọ́ tán. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Kabir gbé abọ́ wá sí ẹnu ọ̀nà mi, wàrà díndín márùn-ún ló wà níbẹ̀, ó gbóná fẹlifẹli. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ ṣeun, ẹ gbìyànjú. Orí ọmọ wa ni kò gbé e. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín." Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ márààrún, mo lá ìka. Marufat kó lọ sí Ogbomọ̀ṣọ́, ó ń dín dùńdú àti ẹyin fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G. Ojú iná rẹ̀ ló ti máa ń rí Ràódàt tí í kọjá pẹ̀lú bàtà oko àti ìwé lábẹ́ apá, lẹ́yìn náà pẹ̀lú báàgì yunifásítì. Wọ́n sọ fún mi pé á bu dùńdú fún un, kò ní jẹ́ kó sanwó. Ṣé ẹ rò pé inú mi dùn nígbà náà? Owú tí mò ń jẹ kò kúrò. Ó tún le sí i ni, nítorí ọmọ tí mo fẹ́ kó di aláìdára kò yéé dára.

Oṣù Ààwẹ̀ tó kọjá ni mo yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ìbàdí mi yẹ̀. Ràódàt ní ìdánwò, ó ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù. Marufat ló pa iná dùńdú, tó wọkọ̀ wá sí Ọ̀yọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi gbé mi lọ, tó fi gbé mi bọ̀, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ kan, ó ń wẹ̀ mí, kàn-ìnkàn-ìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kùn orin lábẹ́lẹ̀. Orin mi ni. Mo gbọ́ "ọ̀kan ṣoṣo tó jáde," mo di ojú, mò ń retí ọgọ́rùn-ún. Ó ní, "Ọgọ́ta ló dé ilé." Omi di yìnyín sí mi lára. Mo ní, "Marufat, ta ló bá ọ tún un ṣe?" Ó ní, "Èmi náà ni, Ìyá Àgbà. Ọjọ́ tí a ti Ìkòyí dé ni mo ti tún un ṣe." Mo ní, "O mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ni?" Ó fún kàn-ìnkàn-ìn, ó tún fún un. Ó ní, "Ẹ gbé apá yín sókè, mo fẹ́ fọ abẹ́ rẹ̀." Mo gbé apá sókè. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, n kò sun irú rẹ̀ nígbà tí Àkànjí kú. Ọdún mẹ́ta ló ti mọ̀! Ó mọ̀ ọ́n nígbà tó ń kúnlẹ̀ kí mi lọ́jọ́ ọdún, ó mọ̀ ọ́n nígbà tó ń gbé ìgbọ̀nsẹ̀ mi dà nù. Ó kàn gbà pé mo ti dàgbà kọjá ẹni tí òun lè pè ní òpùrọ́ lójú àlejò. Lábẹ́ omi ọjọ́ náà ni owú jáde lára mi. Mo wo ojú ọ̀tún rẹ̀ tó ń dì nítorí ọṣẹ, fún ìgbà àkọ́kọ́, inú mi dùn pé ojú Àkànjí ṣì wà láyé.

Ìgbà tí mo lè rìn, mo ní kí gbogbo wa lọ sí Ogbomọ̀ṣọ́: èmi, Marufat àti Ìyá Kabir. A bá Ràódàt ní ọ́fíìsì. Mo dúró pẹ̀lú ọ̀pá mi, mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ràódàt fọwọ́ bo ojú, ó ní, "Ìyá Àgbà, ṣé olè ni mò ń ṣe níbí láti ọdún mẹ́ta?" Ọ̀gá Akínkúnmi ní, "Ìwọ kò jalè, o yọ tìrẹ dáadáa. Èmi ni mo fi ẹ̀rín ẹlẹ́rìn-ín parí ìdánwò." Ó yíjú sí ọmọ náà. Lójijì ó ní, "Marufat. Igba díígírì ó lé mẹ́ta, mínìtì márùn-ún, sẹ́kọ́ndì mẹ́wàá. Yọ díígírì méjìdínláàádọ́sàn-án, mínìtì mọ́kàndínláàádọ́ta, sẹ́kọ́ndì àádọ́ta." Kò fún un ní pẹ́ńsù. Marufat di ojú ọ̀tún, ètè rẹ̀ ń jó. Ó ní, "Díígírì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mínìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sẹ́kọ́ndì ogún." Ọ̀gá ní, "Ọjọ́ Ajé, agogo méje. Wá pẹ̀lú bàtà oko. Ẹ ó jọ fún ara yín lórí bẹ́ǹṣì kan náà." Mo bú sórin, àwọn tó ń kọjá yọjú wò wá lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé orin ló parí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ti lọ, kò sí ẹni tó lè lọ yá a wá. Ràódàt ṣì ń kí mi bí ẹni kí àlejò. Ó di gáréèjì kí Ìyá Kabir tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìyáálé mi, mo kúnlẹ̀ fún yín. Mo dín wàrà fún yín." Ó yíjú sójú fèrèsé ọkọ̀ títí a fi dé Ọ̀yọ́, láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọge tí ọkọ yín yóò fẹ́ ẹlòmíràn lé, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: owú kì í sọ pé òun fẹ́ pa ẹnikẹ́ni, ogójì díẹ̀ ló máa ní kẹ́ ẹ fi kún un. Ẹ̀yin ọmọdé, bí ohun tí àgbà ń kọ́ yín kò bá bá ti aago mu, ẹ bi wá lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún bi wá lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má jẹ́ ká fi orúkọ òkú dẹ́rù bà yín. Marufat, forí jì mí. Ràódàt, forí jì mí, mo fi ìtìjú sínú ohun tó o fi ọwọ́ mímọ́ gbà. Ọlọ́run tí mo fi orúkọ rẹ̀ búra, Gafárù ni ọ́, Ọba tí í forí ji ẹlẹ́ṣẹ̀, forí jì mí. Ìyá Kabir, ìwọ kò mọ̀wé kà, Marufat ni yóò kà á sí ọ létí, ìwọ ni mo sì ń bẹ̀ jù.

Láràárọ̀ láti ọjọ́ tí a ti Ogbomọ̀ṣọ́ dé ni mo ti ń dín wàrà márùn-ún, tí mò ń fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ lọ gbé e sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Láràárọ̀ ni abọ́ náà ń padà sẹ́nu ọ̀nà mi, márùn-ún pérépéré, ó ti tutù. Ọjọ́ mọ́kànlá. Láàárọ̀ yìí mo ṣí ìdérí abọ́, mo kà á, ojú mi kò dá mi lójú, mo tún un kà. Mẹ́rin ló padà. Ọ̀kan ti lọ! Mo jókòó sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, mo pàtẹ́wọ́, mo gbé orin mi, mo kọ ọ́ sókè kí ó lè gbọ́ ọ nínú yàrá rẹ̀, bó ṣe yẹ kí n ti kọ ọ́ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀:

Ọ̀kan ṣoṣo tó jáde,
Ọgọ́ta ló dé ilé.